Àlàáfíà Tí Wọ́n Fi Kí Baba Mi Lẹ́nu Ọ̀nà

Ojúṣe ọmọ onílùú ni olùkọ́ wa ń kọ sójú pátákó lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn àkọ́kọ́ dún. Ọmọ líìsì, ilé ìwé girama, ni mí nígbà náà, ní Sokodé. Ó ti kọ ọ́ pé ọmọ onílùú gbọ́dọ̀ nífẹ̀ẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀, pé ó gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún àsíá, pé ó gbọ́dọ̀ pa òfin mọ́. A kọ́kọ́ rò pé táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan ló bẹ́ lójú títì ńlá. Òmíràn tẹ̀ lé e. Olùkọ́ wa gbé ẹfun ìkọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó dá.

"Ẹ máa lọ sílé," ló wí. "Ẹ má gba ojú títì. Ẹ má sì sáré o, ẹni tó bá ń sáré ni wọ́n ń lé."

A sáré.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jókòó sí kíláàsì mọ́ títí ọdún ẹ̀kọ́ náà fi parí. Ojúṣe kẹrin tó fẹ́ kọ fún wa, mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Mò ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí i, pàápàá ìwọ Farida, ọmọ mi, tí olùkọ́ rẹ ní kí o wá dúró níwájú kíláàsì kí o sọ ohun tó dára ní orílẹ̀-èdè wa. O bi mí, mi ò rí nǹkan sọ. O ní, "Màmá, ṣé kò sí ni?" Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ rere ìlú kan láìsọ ibi rẹ̀, irọ́ ló ń pa fún ọmọ, èmi ò sì bí ọ láti máa purọ́ fún ọ.

Àwọn kan á ní kì í ṣe ogun. Wọ́n á ní ogun ni kí orílẹ̀-èdè kan gbé ìbọn ti èkejì, pé tiwa kàn jẹ́ wàhálà láàárín àwọn tó jáde sí ìgboro àti àwọn sójà. Ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ibùsùn rí lọ́sàn-án gangan, tí ìyá rẹ̀ sùn lé e lórí kí ọta má bàa bá a, kí ó wá bá mi wá orúkọ mìíràn fún un.

Ilé wa ní Sokodé jẹ́ yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó kọjú sí òpópónà. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni Baba ti ń ránṣọ. Ọmọ Kambolé, ìlú Yorùbá kan lápá Tchamba, ni òun àti Ìyá. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni wọ́n kó wá sí Sokodé, nítorí pé níbẹ̀ ni ilé ìwé pọ̀ sí, aṣọ kakí àwọn ọmọ ilé ìwé sì ni iṣẹ́ Baba. Tí o bá rí ọmọ kan ní àdúgbò wa tí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ dúró ṣánṣán, Baba ló rán an.

Nígbà tí mo dé ilé lọ́jọ́ náà, Ìyá wà ní àgbàlá. Ó ti sá iṣu gígé sórí ẹní fún èlùbọ́, ó sì ti fẹ́ẹ̀ gbẹ tán. Agolo gáàsì tajútajú kan já lu páànù ilé tó wà lẹ́yìn wa, ó yí, ó bọ́ sórí ẹní náà. Èéfín funfun tú jáde. Ó ta wá lójú bí ìgbà tí èèyàn gún ata tó fi ọwọ́ náà nujú. A sá wọlé, a fi aṣọ tútù bojú, a ń wúkọ́. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Ìyá jáde, ó mú ègé iṣu kan, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó tutọ́. Ìgbà náà ni ó bú sẹ́kún. Kò sunkún nítorí ìbọn. Iṣu ló sunkún sí.

Mansuru, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kò sí nílé. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀: ó wà lára àwọn tó jáde. Ó lọ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń pariwo pé àwọn fẹ́ kí nǹkan yí padà. Bóyá ó sọ òkúta, mi ò bi í. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Baba wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyípadà tí ẹ ń wá náà, ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ láti orí bàtà rẹ ni?"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ rín nínú ilé yẹn nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, Ìyá ti Mansuru jáde gba ọ̀nà oko. Ó ní kí ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kambolé, kí ó má fẹsẹ̀ kan títì. A ti ń gbọ́ pé àwọn sójà ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kó àwọn ọmọkùnrin.

Ọjà kò ná mọ́. Wọ́n gé íńtánẹ́ẹ̀tì. Òfin kónílé-ó-gbélé dé, ṣùgbọ́n ojú ọ̀sán pàápàá kò ṣe é jáde. Ìyókù gàrí wa la ń jẹ, a ń já ewé tó wà lára ọgbà sè sí omi iyọ̀. Omi kànga ń ta lẹ́nu. Ẹni tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni Mama Sẹ̀sílíà tó wà ní ilé kejì. Opó ni, ó ń ta àgbàdo, ọmọ Kambolé ni bíi tiwa, ṣùgbọ́n Kátólíìkì ni ní tirẹ̀. Ihò kan wà lára ògiri tó pààlà ilé wa àti tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ń ti àgbàdo gba sí wa nínú agolo mílíìkì.

"Ìyá Mansuru, gbà," á wí láti ẹ̀yìn ògiri. "Ààwẹ̀ yín ti wá ṣáájú oṣù lọ́dún yìí."

"Tiyín náà ńkọ́, ṣé ààwẹ̀ Kárẹ́mù yín ti dé ni?"

"Ìjọba ti so méjèèjì pọ̀. Gbà, jàre."

Ariwo ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ lónìí máa ń dárúkọ ìbọn nìkan. Ìbọn kì í dún títí. Ohun tó ń dún títí ni bàtà. Wọ́n á rìn kọjá lójú òpópónà, ẹ ó máa ka ìrìn wọn nínú ara yín: wọ́n ń bọ̀, wọ́n dé ilé wa, wọ́n kọjá. Lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Ẹ ó sì dúpẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ títí di òní nìyẹn, pé wọ́n kọ́ wa láti máa dúpẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn aládùúgbò wa bá fọ́.

Baba fi òfin lélẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn sókè. Kí ẹ̀rọ ìránṣọ má ṣe dún. Kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ilé dà bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò lè jókòó lásán, nítorí náà ó ń fi àlùmọ́gàjí gé kakí lórí tábìlì, díẹ̀díẹ̀, kí ó má bàa dún. Ó ní tí ilé ìwé bá ṣí, àwọn ọmọ á fẹ́ aṣọ.

Ọ̀sán kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, a gbọ́ bàtà. Ó dé ilé wa, kò kọjá. A kò gbọ́ ariwo, a kò gbọ́ ìpè kankan. Ohùn kan sọ jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pé:

"Salamu alaikum."

Ohùn náà dára. Bí ohùn ọmọ kéwú tó wá jíṣẹ́ ni.

Ìyá wo Baba, ó mi orí. Baba dúró pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́.

"Salamu alaikum."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àlejò ń kí lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, kí ó yí padà. Ẹni tó ń kí lè kí tàbí kí ó má kí, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kí, dandan ni kí ó dáhùn, nítorí àdúrà ni: kí àlàáfíà wà fún yín. Ta ni yóò ṣe àdúrà fún ọ tí o ò ní ṣe àmín? Àwa ará Kambolé tún fi tiwa kún un. Ẹni tí o bá ti dá ìkíni rẹ̀ lóhùn ti di àlejò rẹ. Omi ni wàá kọ́kọ́ fún un. Tó bá mu ún tán ni wàá tó bi í pé ta ni, ibo ló ti ń bọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń nà wá tí a bá bi àlejò pé "Ta ni?" kí a tó fún un lómi.

"Salamu alaikum," lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo rí ètè Baba. Mo rí i pé ó ń bá a jà. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ òsì bo ẹnu. Ìyẹn ni pé ó mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Baba mi kò gbọ́n.

"Wa alaikumu salaamu," ló wí.

Ìyá ti dìde. Kì í ṣe pé ó rò ó. Ara rẹ̀ ló dìde. Ó ti bu omi sínú igbá kí ilẹ̀kùn tó já wọlé pẹ̀lú ìdè rẹ̀.

Wọ́n pọ̀ ju ohun tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lè gbà lọ. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n mọ ẹni tó kí wa. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn gba igbá lọ́wọ́ Ìyá, ó mu omi náà tán, ó nu ẹnu, ó dá igbá padà fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ ní Faransé. "Ọmọkùnrin rẹ dà?"

"Kò sí nílé."

"Kí ni ìwọ ń sá fún?"

"Mi ò sá, Ṣẹ́ẹ̀fù. Mo dá yín lóhùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni," ọ̀kan wí. "Ó dáhùn lóòótọ́."

Ẹlòmíràn wá rí àlùmọ́gàjí. Ó ní Baba ní ohun ìjà lọ́wọ́. Baba fẹ́ gbé e sílẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n sì fi ìdí ìbọn lu ọwọ́ náà níbẹ̀, lórí kakí tó ń gé. Wọ́n lù ú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyá ń sọ pé, "Télọ̀ ni, télọ̀ ni, aṣọ ọmọ ilé ìwé ló ń rán." Ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Èmi tí mo gbọ́ Faransé, tí wọ́n rán lọ sí líìsì kí n lè bá ìjọba sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Nígbà tí wọ́n ń fà á lọ sínú ọkọ̀ wọn, Baba ní, "Ẹ jẹ́ kí n wọ bàtà." Wọn kò jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́.

A kò mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Mama Sẹ̀sílíà ló wá a rí. Ó ní kí Ìyá má ṣe jáde, pé ìborí rẹ̀ nìkan ti tó kí wọ́n bú u. Ó se iṣu, ó gbé e sínú abọ́, ó fi àgbélébùú rẹ̀ sí òde ẹ̀wù kí wọ́n lè rí i, ó sì ń lọ láti ibi tí wọ́n ti ń ti àwọn èèyàn mọ́ kan dé èkejì, ó ń dárúkọ Baba. Níkẹyìn ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin sójà kan lẹ́nu géètì tó jẹ́wọ́ pé òun mọ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ bó ṣe lọ fún wa.

Sójà náà bi í pé, "Ṣé ọkọ rẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ìwọ so àgbélébùú kọ́rùn, òun ń kírun. Báwo ló ṣe jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ìlú kan náà ló bí wa, ó sì ti rìn kí wọ́n tó bí mi. Kí ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìlú tiyín?"

Ọmọkùnrin náà na ọwọ́ sí abọ́ iṣu náà. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí. Ó gba abọ́ náà, ó ní kí ó dúró. Nígbà tí ó pẹ́, ó gbé e padà wá fún un.

Mama Sẹ̀sílíà gbé abọ́ náà fún Ìyá láti inú ihò ògiri. Ìyá ṣí i. Ó ti ṣófo, ègé iṣu kan péré ló kù ní ìdí rẹ̀, tí wọ́n gé ní ìgun mẹ́rin bí ẹni gé aṣọ. Ìyá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú abọ́ náà lórí itan. Bàbá kì í jẹun tán lọ́dọ̀ wa. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ àjẹkù sílẹ̀ fún ọmọ, ìwọ̀nba kí ọmọ mọ̀ pé bàbá òun rántí òun. Láti ìgbà tí mo ti lè jókòó ni Baba ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

"Jẹ ẹ́," ni Ìyá wí. "Baba rẹ ló fi í sílẹ̀ fún ọ. Ó wà láàyè."

Mo jẹ ẹ́. Ó ti tutù. Mi ò tíì jẹ nǹkan tó le tó o láti gbé mì.

Wọ́n dá a sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsọ ohun tó ṣe tí wọ́n fi mú un, láìsọ ohun tó ṣe tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn wá sílé. Mama Sẹ̀sílíà ti pe káfíńtà kan, ọmọ ẹ̀yà Tem, tó bá wa gbé ilẹ̀kùn padà. Baba dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, ó fi ọwọ́ òsì tì í síwá sẹ́yìn.

"Ta ló tún un ṣe? Ó dára."

A sá kúrò ní Sokodé ní ọjọ́ tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbà láti gbé èrò lọ sí Tchamba. Níbi tí wọ́n ti dí ọ̀nà lẹ́yìn ìlú, wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, kí a gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí a fẹsẹ̀ rìn kọjá. Àwọn ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè. Aboyún gbé ọwọ́ sókè. Baba gbé ẹyọ kan.

"Èkejì ńkọ́?" ni wọ́n fi jágbe mọ́ ọn.

Ọwọ́ ọ̀tún náà wú, ó dúdú, kò ṣe é gbé. Ìyá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ náà mú, ó gbé e sókè fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọjá, ọwọ́ ọ̀tún Ìyá lókè, ọwọ́ òsì Baba lókè, ọwọ́ ọ̀tún Baba nínú ọwọ́ òsì Ìyá láàárín wọn. Ẹni tó bá rí wọn lókèèrè á rò pé wọ́n ń jó ni. Mo rìn lẹ́yìn wọn. Farida, tí wọ́n bá fi àwòrán àsíá hàn ọ́ nílé ìwé, ohun tí èmi ń rí nìyẹn.

Nínú ọkọ̀, Ìyá ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Kí ló dé tí o fi dáhùn?"

Baba kọjú sí fèrèsé.

"Mo mi orí fún ọ. O rí mi."

"Mo rí ọ."

"O sì mọ̀ pé àwọn ni."

"Ọlọ́run ni mo dá lóhùn, kì í ṣe àwọn."

"Ọlọ́run gbọ́ ti inú ọkàn náà, Baba Mansuru. Kò dìgbà tí o bá la ẹnu."

Láti ẹ̀yìn ọkọ̀, bàbá kan tí a kò mọ̀ rí sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi náà ìbá dáhùn." Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ní kí wọ́n fi aṣọ òun ká ọwọ́ náà. Wọ́n sì ká a.

Nígbà tí a dé Tchamba, ọjà ń ná. Èyí bí mi nínú. Àwọn obìnrin ń ná iṣu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bú ara wọn bí ẹni pé Sokodé wà ní òkè òkun. Ìyá sọ̀kalẹ̀, ó lọ síwájú òkìtì iṣu kan, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ra iṣu. A kì í fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, a máa yí i padà, a máa tẹ ìdí rẹ̀. Ojú rẹ̀ lè dán kí ìdí rẹ̀ ti rà. Ìyá bá ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ó fi hàn mí.

"A kì í sọ ọ́ nù," ló wí. "A máa gé ibi tó rà kúrò. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ gé e. Ẹni tó bá sè é mọ́ ọn nítorí pé ojú rẹ̀ dán, inú á run ún."

Mi ò mọ̀ bóyá iṣu nìkan ló ń sọ.

Àwọn ará Kambolé kò béèrè ìgbà tí a máa lọ. Àbúrò Baba kó àgbàdo rẹ̀ kúrò nínú yàrá kan, ó fún wa. Oúnjẹ ń wá láti ilé tí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ olórí rẹ̀. Ẹni tó mọ egungun tò bá Baba to ọwọ́ náà bó ṣe lè tò ó, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò padà sí ipò wọn. Mansuru wá láti oko kan lápá Bago tó fara pamọ́ sí. Ó wo ọwọ́ Baba, kò fọwọ́ kàn án.

"Èmi ni wọ́n wá," ló wí.

"Wọn ò wá ẹnikẹ́ni," ni Baba dá a lóhùn. "Ẹni tó dáhùn ni wọ́n mú."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Mansuru kọjá sí ilẹ̀ Benin, sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀. Ó ní tí òun bá dúró, òun á padà lọ sọ òkúta. Alùpùpù ló ń tún ṣe níbẹ̀ báyìí. Ó ti gbéyàwó. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì rí ilé wa rí.

Wàyí o, Farida, mo ti ṣèlérí pé mi ò ní purọ́. Ohun tó dára ní orílẹ̀-èdè wa nìyí: opó Kátólíìkì tó ń gbé abọ́ iṣu kiri fún Mùsùlùmí. Káfíńtà ọmọ Tem tó gbé ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Obìnrin inú ọkọ̀. Sójà ẹnu géètì yẹn pàápàá, mo kà á mọ́ wọn, nítorí ì bá ti jẹ iṣu náà fúnra rẹ̀, kò sì jẹ ẹ́. Èèyàn wa dára. Èèyàn wa dára débi pé wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń jẹ wá níyà.

Èyí ni ibi tó rà. Nígbà tí ìyàwó àbúrò Baba ń rọbí ní Kambolé lọ́dún náà, tí ọmọ kò sì wá, orí alùpùpù ni wọ́n gbé e lé lọ sí Tchamba, tí ẹnìkan dì í mú láti ẹ̀yìn, ní ọ̀nà eléruku yẹn, nítorí wọ́n ní ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn kò ní epo. Ọmọ náà kò yè. Ọkọ̀ tó wá gbé Baba mi ní epo. Ó ní epo láti wá, ó ní epo láti padà. Ìlú tó mọ ọ̀nà ilé wa láti wá fọ́ ilẹ̀kùn nìyẹn, tí kò mọ ọ̀nà ilé wa nígbà tí obìnrin ń kú lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òṣì ni. Mo ti rí òṣì. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Òṣì kì í yan ẹni tí yóò fún lépo.

Nígbà tí a padà sí Sokodé, gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́. Wọ́n ti gbá ojú títì. Rédíò ń sọ pé àlàáfíà ti padà dé. Àwọn èèyàn ń kí ara wọn lọ́jà, wọ́n ń béèrè ará ilé, wọn kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò padà dákẹ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ padà dákẹ́ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó wá sọ́dọ̀ wa láti ilé ìjọba, ì báà ṣe láti tọrọ àforíjì tàbí láti tún bú wa.

Baba ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́. Èmi ló kọ́ ní iṣẹ́ náà, òun á fi ojú wọ̀n ọ́n, èmi á gé e. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó dùn wá ju ọwọ́ lọ. Baba kì í dáhùn mọ́. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà tó kí, Baba á na ọrùn, á ní, "Ta ni?" Òun tó ń nà wá nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni náà á sọ orúkọ rẹ̀, á sọ orúkọ bàbá rẹ̀, kí Baba tó jẹ́ kí ó wọlé, síbẹ̀ kò ní dá ìkíni náà lóhùn. Lémọ́ọ̀mù wá bá a sọ̀rọ̀. Baba gbọ́ ọ tán, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ." Kò yí padà. Ìyá dẹ́kun láti máa bi í. Ó jọ pé ìyá mi ì bá gba kí ó máa dáhùn kí ilẹ̀kùn sì máa fọ́, ju kí ó máa bi èèyàn pé ta ni lọ. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n mú lọ nílé wa gan-an nìyẹn, mo sì ti rò pé kò ní padà mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mò ń rán ẹ̀wù kakí Farida. Baba jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo òwú. Farida wà nílẹ̀, ó ń wá ohun tí yóò sọ ní ilé ìwé. Ẹnìkan dé ẹnu ọ̀nà.

"Salamu alaikum."

Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí ẹ̀rọ. Kí èyíkéyìí nínú wa tó mí, Farida ti dìde.

"Wa alaikumu salaamu," ló fi gbogbo ohùn dáhùn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn gbayawu.

Mama Sẹ̀sílíà ni. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́. Láti ọjọ́ pípẹ́ ló ti ń kí wa ní ìkíni tiwa, tó bá fẹ́ fi Baba ṣẹ̀fẹ̀. Farida ti sáré lọ bu omi. Kò sí ẹni tó rán an. Mama Sẹ̀sílíà mu ún, ó nu ẹnu.

"Baba Mansuru, ọmọ yìí ti gba iṣẹ́ rẹ."

Mo tún fi ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ. Mama Sẹ̀sílíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àgbàdo rẹ̀ tí òjò pa, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Baba lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí ẹni tó ń ka nǹkan tó ti gbàgbé.

"Wa alaikumu salaamu," ló wí.

Mama Sẹ̀sílíà dẹ́kun ọ̀rọ̀. "Ó pẹ́ díẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tí ó lọ, Baba pe Farida sọ́dọ̀. Ó ní, "Ohun tí o máa sọ ní ilé ìwé nìyí. Sọ pé ní orílẹ̀-èdè tìrẹ, ẹni bá kí wa, a máa ń dáhùn."

Ọmọ náà ti kọ́ ọ sórí. Ó ń kà á kiri àgbàlá ní Yorùbá àti ní Faransé. Mi ò tún ibì kankan ṣe níbẹ̀ fún un, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni, èmi tí mo bí i ni mo sì ń kọ ìdajì kejì sílẹ̀ níbí, kí ó lè bá a nígbà tí ó bá dàgbà. Àlàáfíà ni wọ́n fi kí wa lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. A dá wọn lóhùn, a sì fún wọn lómi. A ṣì ń retí àlàáfíà náà.